Bí Fìlà Bá Wà Lórí, Ọmọdé Ni

Yàrá ibùsùn àwọn ọmọkùnrin ní àgọ́ ọmọdé kan, nírọ̀lẹ́. Ọ̀la ni ọlidé gígùn bẹ̀rẹ̀, ọ̀la náà ni àwọn ọmọ ń dé. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ tán, aṣọ funfun wà lórí gbogbo ibùsùn, káfíńtà arúgbó kan sì ń kan ìṣó tó kẹ́yìn mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé, fìlà búlúù kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àgọ́ tuntun, bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹni tó ni àgọ́ kò tíì yí ọkàn padà. Ìwé ẹ̀rí tó ní lórí ìtọ́jú ọmọ pé mẹ́ta. Ọmọ kò tíì pé ẹyọ kan.

ÌYÀWÓ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àwọn ibùsùn ti ṣeé sùn sí?

BÀBÁ: Erin lè sùn síbẹ̀. Bí ọmọ bá fò lórí ẹ̀, orí ọmọ á kan àjà, ibùsùn ò ní mì.

ÌYÀWÓ: Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan.

BÀBÁ: Tí kò bá ti jẹ́ pé kí n tún ògiri kùn.

ÌYÀWÓ: Kì í ṣe ti ògiri. Ti ọ̀gá àgbà ni.

BÀBÁ: Ìyá yẹn tó ni àgọ́?

ÌYÀWÓ: Àwọn náà. Wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fi etí ara àwọn gbọ́ ọ kí n sọ pé rárá fún ẹnì kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kan péré. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, ọ̀gá tọdún tó kọjá ni wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ fún.

BÀBÁ: Onífèrè yẹn?

ÌYÀWÓ: Òun ni. Tó máa ń fun fèrè kó tó kí èèyàn pé ẹ káàárọ̀.

BÀBÁ: Kí ló wá ṣòro nínú rárá? Ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn ń sọ ọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ ò sí níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá. Wọ́n kó àwọn ọmọ àdúgbò wá kí n fi dánra wò. Ọ̀kan ní òun ò wẹ̀, mo ní kò burú. Ọ̀kan ní òun fẹ́ fi ọṣẹ ìwẹ̀ wẹ ewúrẹ́ aládùúgbò.

BÀBÁ: Kí lo wá ṣe?

ÌYÀWÓ: Mo bá a di ewúrẹ́ mú.

(Bàbá gbé òòlù sílẹ̀ pátápátá.)

BÀBÁ: Ewúrẹ́ ńkọ́? Òun náà ò kọ̀?

ÌYÀWÓ: Òun nìkan ló kọ̀. Igbe ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà gbọ́ tí wọ́n fi wọlé wá bá wa.

BÀBÁ: Gbogbo ìwé tí o kà yìí, wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ọmọ?

ÌYÀWÓ: Wọ́n kọ́ wa, sà. Èmi ni mo tiẹ̀ ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ lóṣòó, kí ojú ẹ̀ àti ojú ọmọ lè dọ́gba. Á mí kanlẹ̀. Á sọ fún ọmọ pé ohun tó ń ṣe é yé òun. Lẹ́yìn náà…

BÀBÁ: Lẹ́yìn náà ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbà fún un.

BÀBÁ: Ó dáa. Kí lo wá fẹ́ kí káfíńtà ṣe sí i? Kí n gbẹ́ rárá fún ọ?

ÌYÀWÓ: Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ọmọdé fún mi. Ọmọ tó lágídí. Kí n máa sọ pé rárá fún yín títí tó fi máa mọ́ mi lẹ́nu.

BÀBÁ: Èmi? Pẹ̀lú irùngbọ̀n?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin lẹ le jù, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, kò sí nǹkan tí ẹ bèèrè tí mo ní mi ò ṣe. Bí mo bá lè kọ̀ fún bàbá ọkọ mi, ọmọ wo láyé ló tún máa dẹ́rù bà mí?

BÀBÁ: Òótọ́ ni. Nígbà tí dókítà ní kí n má fojú kan ṣúgà mọ́, ìwọ nìkan lo ṣì ń fún mi.

ÌYÀWÓ: Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ìyá á gbọ́.

BÀBÁ: Láti ilé?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọn, ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

(Bàbá bojú wo ẹnu ọ̀nà.)

ÌYÀWÓ: Fìlà rèé, sà. Gbogbo ọmọ àgọ́ ló ń dé e. Bí fìlà bá wà lórí yín, ọmọdé ni yín. Bí ẹ bá ṣí i, bàbá ọkọ mi ni yín. Kí n má lọ ṣìwà hù.

(Bàbá dé fìlà. Fìlà náà jókòó lórí ewú rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ lórí ìkòkò omi.)

ÌYÀWÓ: Ẹ káàbọ̀ sí àgọ́ wa, ọmọ dáadáa, sà.

BÀBÁ: Ṣé "sà" ni wọ́n ń pe ọmọdé níbi tí o ti kàwé?

ÌYÀWÓ: Ẹ má bínú.

BÀBÁ: O tún ti ní kí n má bínú.

ÌYÀWÓ: Díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ já "sà" sílẹ̀ ná.

(Bàbá gun ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún amọ̀ pupa, ìyẹ̀fun pákó àti ọ̀dà oríṣi méjì.)

ÌYÀWÓ: Ha, aṣọ funfun. Ẹ wò ó, òfin àgọ́ ni pé ẹni tó bá ti ìta wọlé gbọ́dọ̀ fọ ẹsẹ̀ kó tó gun ibùsùn. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níta. Ọṣẹ wà lórí òkúta.

BÀBÁ: Mi ò fọ̀.

(Ìyàwó lóṣòó. Ó mí kanlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.)

ÌYÀWÓ: Ó yé mi pé ẹsẹ̀ yín ti rẹ̀ yín.

BÀBÁ: Ó rẹ̀ mí gan-an. Báyìí ni mo fẹ́ fi í sùn.

ÌYÀWÓ: Rá…

BÀBÁ: Hẹn? Mò ń gbọ́.

ÌYÀWÓ: Rá… rọra gbé e sápá kan, kí apá kejì lè mọ́.

BÀBÁ: Ìrọ̀rí ni mo fẹ́ gbé e lé.

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi wá, kí n bá yín fọ̀ ọ́.

(Bàbá ṣí fìlà.)

BÀBÁ: Ìyàwó mi. Ọmọ mélòó ló ń bọ̀ lọ́la?

ÌYÀWÓ: Ọgọ́ta, sà.

BÀBÁ: Ẹsẹ̀ ọgọ́fà nìyẹn. Kí ọlidé yìí tó parí, ẹ̀yìn rẹ á ti tẹ̀ ju tèmi lọ.

(Ó dé fìlà padà. Ìyàwó yí ẹ̀yìn láti na aṣọ ibùsùn kejì. Bàbá fi eegun ìka kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́: "Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà ni." Ìyàwó sáré, ó ń fa aṣọ rẹ̀ gún, ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni níta.)

ÌYÀWÓ: Bàbá, àyà mi já.

BÀBÁ: Bàbá kọ́. Ọmọdé ló ṣe é.

ÌYÀWÓ: Ọmọ tó bá parọ́ ní àgọ́ wa…

BÀBÁ: Kí lẹ máa ń fi í ṣe?

ÌYÀWÓ: A máa ń jókòó bá a sọ̀rọ̀.

BÀBÁ: Mo ti jókòó.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi sọ fún mi pé ẹ le bí òkúta nígbà tí òun wà ní kékeré. Ó ní bí ẹ bá ti ń na òun nínú yàrá, igbe òun máa ń dé ojú títì.

BÀBÁ: Ó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ dáadáa. Ó mọ àṣírí pa mọ́.

ÌYÀWÓ: Àṣírí wo?

BÀBÁ: Ibùsùn ni mo máa ń nà. Òun á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa ké. Ìyá ẹ̀ á wà ní pálọ̀, á ní ó ti tó, kí n ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ.

ÌYÀWÓ: Ta ló wá ń sọ pé rárá nínú ilé yín?

BÀBÁ: Ìyá ẹ̀ ni. Èmi àti ọmọ la jọ máa ń gbọ́ ọ.

ÌYÀWÓ: Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin náà ò ní i.

BÀBÁ: Mo ní i. Mi ò tíì lò ó ni. (Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ gbá a.) Wò ó, ọ̀nà tiwa ló máa yá jù. Bí ọ̀gá àgbà bá dé ẹnu ọ̀nà, kọjú sí ibùsùn, kí o pariwo rárá. Èmi á bú sẹ́kún. Wàá gba kọ́kọ́rọ́, èmi á lọ sílé. Dán an wò ná.

(Ìyàwó kọjú sí ibùsùn. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Rárá" tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kan fi fò kúrò lórí òrùlé.)

BÀBÁ: O ò rí i? Ibùsùn ti gbọ́ràn. Sọ ọ́ fún ìrọ̀rí.

(Ó sọ ọ́ fún ìrọ̀rí. Ó sọ ọ́ fún fèrèsé. Ó yíjú sí Bàbá, ó la ẹnu.)

ÌYÀWÓ: Ṣé kí n bu omi tútù fún yín, sà?

BÀBÁ: Ó ku èmi nìkan. Má da ara rẹ láàmú. Ìrọ̀rí á tó wa.

ÌYÀWÓ: Kò lè tó wa, Bàbá. Ẹ̀tàn ni.

BÀBÁ: Ẹ̀tàn ni. Òun náà la sì fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà.

ÌYÀWÓ: Odò wà lẹ́yìn àgọ́ yìí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá sọ fún mi lọ́la pé òun fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ lóun nìkan, ṣé ìrọ̀rí ni mo máa kọjú sí?

(Bàbá yíjú kúrò lára ibùsùn. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí odò ti ń dán láàárín igi.)

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré.

ÌYÀWÓ: Ẹ bá mi mú un le dáadáa, sà. Ẹ má ṣàánú mi.

BÀBÁ: O sọ ọ́ o. Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́.

(Ó fa fìlà wálẹ̀ dé ojú. Ó ká ẹsẹ̀ sórí ibùsùn, ó sì dojú bolẹ̀.)

BÀBÁ: Mo fẹ́ lọ bá ìyá mi.

ÌYÀWÓ: Ha, Bàbá. Ìyá yín ti lọ sọ́run tipẹ́.

BÀBÁ: Ọmọ kékeré ni mí. Ìyá mi wà nílé, ó ń ro ọbẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ẹ má bínú. Ó yé mi pé àárò ìyá yín ń sọ yín.

BÀBÁ: Kò yé ọ. Bí mo bá sùn níbí, ta ló máa bo ẹsẹ̀ mi bí òtútù bá mú un lóru? Ta ló máa pa fìtílà tó bá rò pé mo ti sùn? Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó tó lọ?

ÌYÀWÓ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

BÀBÁ: Gbé mi lọ sílé. Ìyá mi ti gbé oúnjẹ mi pa mọ́ sábẹ́ àwo.

(Imú ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó jókòó sórí ibùsùn kejì. Ó ń fi etí aṣọ ibùsùn tuntun nu ojú.)

ÌYÀWÓ: Èmi náà fẹ́ lọ bá ìyá mi.

(Bàbá dìde jókòó. Ó ṣí fìlà.)

BÀBÁ: Ìyàwó mi, kí ló dé? Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?

ÌYÀWÓ: Àná.

BÀBÁ: Àná lò ń sunkún fún báyìí?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin lẹ mẹ́nu ba àwo.

BÀBÁ: Ọgọ́ta ọmọ á máa ké lọ́wọ́ kan, ọ̀gá wọn á jẹ́ ẹni kọkànlélọ́gọ́ta. Nu ojú rẹ, ọ̀gá àgbà ò gbọdọ̀ bá ọ báyìí. Ká mú nǹkan tí kò ní ìyá nínú.

(Ó wo yàrá yípo. Ojú rẹ̀ bà lé páálí kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dé fìlà kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ.)

BÀBÁ: Mo fẹ́ bisikíìtì.

ÌYÀWÓ: Ti ọ̀la nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a máa pín in fún wọn.

BÀBÁ: Èmi ti sọ̀kalẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ó yé mi pé bisikíìtì ń wù yín jẹ.

BÀBÁ: Ó ń wù mí jẹ. Èyí tí ìpara wà láàárín ẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ṣùgbọ́n dókítà ní…

BÀBÁ: Dókítà wo? Dókítà bàbá arúgbó kan. Èmi ò tíì ká eyín tán.

ÌYÀWÓ: Ó dáa, ẹ gba ẹyọ kan, ká má jà.

(Bàbá gbà á, ó jẹ ẹ́. Ó ṣí fìlà, ó tún na ọwọ́.)

BÀBÁ: Ìyàwó mi, tèmi dà?

ÌYÀWÓ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín ni, sà.

BÀBÁ: Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ọmọdé ló gbà á. Ṣé wàá fún ọmọdé, kí o wá fi bàbá ọkọ rẹ sílẹ̀?

(Ó fún un.)

ÌYÀWÓ: Méjì nìyẹn, Bàbá. Ìyá ní ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun yín.

BÀBÁ: Ọmọdé jẹ ọ̀kan, àgbà jẹ ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó jẹ méjì nínú wa.

(Ìyàwó dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, ojú rẹ̀ le.)

ÌYÀWÓ: Ẹ dé fìlà yẹn padà, sà.

BÀBÁ: Kí ló dé?

ÌYÀWÓ: Inú ń bí mi sí ẹnì kan, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin.

(Bàbá dé fìlà. Ìyàwó na ìka sí i.)

ÌYÀWÓ: Ìwọ.

BÀBÁ: Ó jáde.

ÌYÀWÓ: Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé ó dùn yín?

BÀBÁ: Má bẹ̀bẹ̀. Tẹ̀ síwájú, o ti ń mọ̀ ọ́n.

ÌYÀWÓ: Ìwọ ọmọ yìí, mú bisikíìtì tó wà lẹ́nu rẹ kúrò níbẹ̀.

BÀBÁ: Mi ò mú un.

ÌYÀWÓ: Mo ní mú un kúrò. Ọmọ burúkú ni ọ́ ni? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ?

(Bàbá ṣí fìlà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wọ ilé òkú.)

BÀBÁ: Ìyàwó mi. Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Ye. Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Fìlà ni mò ń bá wí. Ẹ gba òmíràn.

(Ó fún un ní ẹ̀kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára páálí nígbà tó rí ẹ̀rín lábẹ́ irùngbọ̀n Bàbá.)

ÌYÀWÓ: Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

BÀBÁ: O ní kí n má ṣàánú rẹ.

(Ìyàwó gbé páálí padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í sẹ́yìn dáadáa. Bó ṣe yíjú báyìí, pákó tún dún lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní òun ni ọ̀gá àgbà, òòrùn ń pa òun. Ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sáré kó tó rántí. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Nígbà tó fi máa padà, páálí ti sọ̀kalẹ̀ dé orí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ sì ti là.)

ÌYÀWÓ: Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, Bàbá. Bí wọ́n bá tún kan nǹkan níbí, mi ò ní yíjú.

BÀBÁ: Bó bá wá jẹ́ àwọn gan-an ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ẹ fún mi ní fìlà.

(Ó gba fìlà, ó fi í lé Bàbá lórí, ó fà á wálẹ̀ títí dé etí.)

ÌYÀWÓ: Fìlà yìí ò ní kúrò lórí yín mọ́ títí mo fi máa sọ pé ó tó. Èmi ni mo máa ṣí i.

BÀBÁ: Òfin tuntun?

ÌYÀWÓ: Òfin tuntun. Dùbúlẹ̀. Àsìkò oorun ti tó.

BÀBÁ: Òòrùn ṣì wà lókè.

ÌYÀWÓ: Dùbúlẹ̀, mo ní. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo fẹ́ so. Bí mo bá so ó tán tí mo rí ojú kankan tó là, a jọ máa rí i.

(Bàbá dùbúlẹ̀. Ìyàwó gun àga, ó kọjú sí ìṣó tó wà lára ògiri, ó ń so àwọ̀n. Okùn rẹ̀ lọ́ pọ̀. Ó ń tú u, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.)

ÌYÀWÓ: Ìwọ. Dùbúlẹ̀. Mú un kúrò lẹ́nu. Kò kúkú pa èèyàn. Ṣé ẹ ti… ṣé o ti sùn?

(Kò sí ìdáhùn. Ó yíjú. Ibùsùn ṣófo. Páálí kò sí níbẹ̀. Fèrèsé tó wà ní títì lẹ́ẹ̀kan ti ṣí gbayawu.)

ÌYÀWÓ: Ẹ ti bá fèrèsé jáde? Pẹ̀lú eékún tó ń dùn yín láti ìjẹta? Bàbá?

(Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan níta ní òun ni ọ̀gá àgbà, kí wọ́n ṣí fún òun. Ìyàwó kò rìn. Ó ká apá mọ́ àyà.)

ÌYÀWÓ: Ó dáa. O ti wà níta. Dúró síbẹ̀.

(Ohùn náà bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wọlé.)

ÌYÀWÓ: Rárá.

(Ìyàwó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó rí eyín tuntun níbẹ̀. Ó tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì dùn.)

ÌYÀWÓ: Rárá, rárá. O ò wọlé. Ṣé o gbọ́ mi? Ìwọ ọmọ yìí, ó ti tó. Láti ìrọ̀lẹ́ lo ti ń yọ mí lẹ́nu. O fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin gun aṣọ funfun. O parọ́, o jalè, o mú mi sunkún lórí ìyá mi. Èmi ni ọ̀gá nínú àgọ́ yìí, kì í ṣe ìwọ.

(Níta, ẹnì kan wúkọ́.)

ÌYÀWÓ: Má wúkọ́ fún mi. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀ yẹn. Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí mo bá rí amọ̀ tó kéré bí orí ìṣó lára ẹ̀, o ò ní gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá lónìí. Bí o bá sì tún pe ara rẹ ní ọ̀gá àgbà, wàá sùn láìjẹun.

(Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bisikíìtì kan ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu ẹnì kan.)

BÀBÁ: Ìyàwó mi.

ÌYÀWÓ: Ẹ dákẹ́, Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níta.

(Ìyàwó yíjú, díẹ̀díẹ̀. Fìlà búlúù yọ lábẹ́ ibùsùn. Irùngbọ̀n tẹ̀ lé e.)

ÌYÀWÓ: Bàbá?

BÀBÁ: Èmi rèé.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà?

BÀBÁ: Abẹ́ ibùsùn ni mo wà láti ìgbà tí o ti ń so àwọ̀n. Mo kàn ṣí fèrèsé kí o lè máa wá mi níta ni.

ÌYÀWÓ: Ta wá ni mo ní kó…

BÀBÁ: Ohun tí èmi náà ń rò lábẹ́ ibùsùn nìyẹn.

(Ìyàwó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí.)

ÌYÀWÓ: Ó ti parí. Mo pe ọ̀gá àgbà ní ọmọ yìí. Mo pè wọ́n ní olè. Mo ní wọn ò ní jẹun lálẹ́.

BÀBÁ: O tún ní kí wọ́n má wúkọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ má rán mi létí. Onífèrè ló ni kọ́kọ́rọ́ báyìí.

BÀBÁ: Ṣé kí n ṣí fìlà, kí n lọ bẹ̀ wọ́n?

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kó wà lórí yín. Wọn kì í bá ọmọdé jà. Ẹ kàn bá mi yọjú lójú fèrèsé. Mi ò lè wò ó. Ṣé wọ́n ti ń lọ?

(Bàbá rákò dé ojú fèrèsé. Fìlà nìkan ni ẹni tó wà níta lè rí. Ó wò, ó tún wò. Níta, omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.)

BÀBÁ: Wọn ò lọ.

ÌYÀWÓ: Ṣé ojú wọn le?

BÀBÁ: Mi ò rí ojú wọn. Wọ́n tẹrí ba.

ÌYÀWÓ: Kí ni wọ́n wá ń ṣe?

BÀBÁ: Ìyàwó mi, wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọ́n ti ká aṣọ sókè. Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀.

(Omi ń dún. Ìyàwó dìde nílẹ̀. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó fa aṣọ ibùsùn gún, ó gba páálí bisikíìtì lọ́wọ́ Bàbá láìwo ojú rẹ̀. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.)

ÌYÀWÓ: Ṣé wọ́n fi ọṣẹ sí i?